Ohun Tí Fíúsì Ń Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá mu, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ iná mànàmáná mu ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ. Oníṣẹ́ iná tí kò ní sùúrù kì í pẹ́ ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn ni ó fi ń san gbèsè ìwàǹwára rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì nìyí: ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ní Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó sì tún un kọ́ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà nígbà tí ewú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀.

Àdúgbò Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́ wáyà, ní ayé ìgbà tí iléeṣẹ́ mànàmáná ìjọba àpapọ̀ ṣì ń jẹ́ NEPA, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN ní ọdún 2005. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ó padà sí ẹnu ìwé, ó ṣe ìdánwò, ó sì gba ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ Texas ń fún àwọn oníṣẹ́ iná. Ìlú Houston a máa gbóná gidigidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nítorí náà adágún ìlúwẹ̀ẹ́ pọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń lọ sópin, omi adágún náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù títí tí kò fi ní ṣeé wọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onílé kan fi ń ra ẹ̀rọ amómigbóná. Nígbà tí ẹ̀rọ wọ̀nyí bá sì dákẹ́, irú ọkùnrin yìí ni wọ́n ń pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde pè é. Ìyá nọ́ọ̀sì náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá náà ní orúnkún, àwọn dókítà sì ti ní kí ó máa rìn nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lójoojúmọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tètè padà bọ̀ sípò. Ẹ̀rọ amómigbóná ilé náà ni kò jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe mọ́. Bí wọ́n bá tan án, yóò jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì kú. Bí ó bá sinmi díẹ̀, yóò tún jó, yóò sì tún kú. Ẹnìkan ti wá tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó gba owó, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì mú ọmọkùnrin rẹ̀ dání. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ní òun fẹ́ kọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju kí ó di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ó sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Kí òǹkàwé tó lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ni ó ń fa omi láti inú adágún. Omi náà yóò kọ́kọ́ gba inú asẹ́ ńlá kan kọjá, níbi tí ewé, eruku àti ọ̀rá ara ènìyàn yóò ti kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn asẹ́ ni omi yóò wọ inú ẹ̀rọ amómigbóná, yóò gba inú àwọn páìpù bàbà tí iná gáàsì ń yá kọjá, yóò sì padà sínú adágún. Iná gáàsì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti sítóòfù ìdáná. Ìwọ̀n ooru tí èyí tí ó wà nílé nọ́ọ̀sì náà ń mú jáde ní wákàtí kan tó BTU 400,000, bí ẹni pé ènìyàn tan nǹkan bí ogójì ojú sítóòfù gáàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń jó tí omi kò sì kọjá dáadáa, omi inú páìpù yóò hó, yóò di oru, páìpù lè yọ́ tàbí kí ó bẹ́, ẹni tí ó bá wà nítòsí sì lè fara gbọgbẹ́.

Nítorí ewu yìí ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi to àwọn súwíìṣì ààbò sí ojú ọ̀nà iná mànàmáná. Fóòtì 240 ni ó ń wọlé láti ara ilé. Tiransífọ́mà kékeré kan yóò sọ ọ́ di fóòtì 24, fóòtì 24 yìí ni yóò sì máa rìn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Nínú ẹ̀rọ yìí, fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ kejì ni súwíìṣì omi, tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi ń fi agbára tí ó tó kọjá. Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni súwíìṣì ooru, tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi kò tí ì gbóná kọjá ààlà. Ètò wọn lè yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ó dà bí ààfin ọba. Àlejò kò lè ṣàdédé bá ọba nínú ilé. Yóò kọ́kọ́ rí oníbodè, lẹ́yìn náà yóò rí ẹmẹ̀wà, kí ó tó dé iwájú kábíyèsí. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn bá ní rárá, àlejò yóò padà sílé. Bákan náà ni fóòtì 24. Bí gbogbo ẹ̀ṣọ́ bá gbà fún un, yóò dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ, ọpọlọ yóò sì pàṣẹ kí gáàsì ṣí, kí iná sì jó.

Nígbà tí wọ́n dé ilé náà, Màmá ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn, nítorí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà sì dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ṣe. Omi tútù yẹn ti fẹ́ sọ mí di arọ."

Ọkùnrin náà kò tètè ṣí ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ gbé síwájú Màmá, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó ń jó kí ó tó kú? Ǹjẹ́ ó ń dún kí ó tó kú? Kí ni ẹni tí ó wá ṣáájú ṣe?

Màmá ní, "Ó dún gbì gbì gbì bí ìkòkò tó ń hó. Ẹni yẹn kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ní òun ti parí. Ó ní bó bá tún dáwọ́ dúró, ká pààrọ̀ súwíìṣì ooru."

Ọmọkùnrin náà ti wo fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ohun tí èmi náà kà nìyẹn. Súwíìṣì ooru ló máa ń fa irú èyí. Ẹ sì ní tuntun nínú ọkọ̀. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀, ká máa lọ?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Ó lè jẹ́ òun. Jẹ́ ká bi í."

Ó kọ́kọ́ fi mítà rẹ̀ kan ihò iná kan nínú ilé tí ó mọ̀ dájú pé iná wà níbẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé mítà náà kò ṣàìsàn. Mítà tí a kò dán wò, ẹlẹ́rìí èké ni. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ojú ẹ̀rọ. Ó wo gbogbo inú rẹ̀ fínnífínní kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní Texas, èèrà a máa kó sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, wọn a sì kú sáàárín ojú súwíìṣì tí wọn kò fi ní jẹ́ kí ó pàdé. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi náà a máa jẹ ẹnu wáyà bí wọ́n bá gbé e sítòsí ẹ̀rọ. Kò rí èèrà, kò sì rí ìpẹtà. Ó wọn iná tí ó ń wọlé, fóòtì 240 ni. Ó wọn èyí tí ó ń ti ara tiransífọ́mà jáde, fóòtì 24 ni. Títí dé ibí yìí, kò sí àléébù.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Iná jó, ìró gbì gbì tí Màmá wí bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí ó sì di ìṣẹ́jú kẹta ó kú. Nígbà náà ni ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orísun fóòtì 24, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ kejì rin ọ̀nà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú fíúsì, 24. Ẹ̀yìn fíúsì, 24. Iwájú súwíìṣì omi, 24. Ẹ̀yìn rẹ̀, 24. Iwájú súwíìṣì ooru, 24. Ẹ̀yìn súwíìṣì ooru, òfo.

Ọmọ náà fò sókè. "Bàbá, mo sọ bẹ́ẹ̀! Súwíìṣì ooru náà ni!"

Bàbá rẹ̀ kò fèsì. Ó dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ti tutù, fóòtì 24 padà sẹ́yìn súwíìṣì ooru fúnra rẹ̀. Wọ́n tún tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà mú ohun èlò tí a fi ń wọn ooru, ó sì fi í kan páìpù tí omi ń gbà jáde láti inú ẹ̀rọ. Ooru ibẹ̀ ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi kọjá gbogbo ohun tí ó yẹ kí omi ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́. Ní àkókò náà gan-an ni súwíìṣì ooru já.

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o rí i? Súwíìṣì tó bàjẹ́ máa ń já nígbà tí kò yẹ kó já. Èyí já nígbà tó yẹ. Omi gbóná jù lóòótọ́, ó sì sọ pé omi gbóná jù. Òótọ́ ló ń sọ. Tá a bá pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà yóò sọ ohun kan náà."

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Kí ló wá ń mú omi gbóná jù?"

"Ìbéèrè tó yẹ ká bi nìyẹn. Kí ló lè mú kí omi pẹ́ lórí iná?"

"Bí kò bá rìn dáadáa." Ọmọ náà tún ronú. "Ṣùgbọ́n súwíìṣì omi ní ó ń rìn dáadáa. Fóòtì 24 wà lẹ́yìn rẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ní kí ó bá òun gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ẹ̀yìn. Súwíìṣì omi wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè tètè dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i: wáyà kékeré kan, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ẹnìkan fi so ẹsẹ̀ méjèèjì súwíìṣì náà pọ̀. Bí omi rìn, bí omi kò rìn, ọ̀kan náà ni. Iná yóò gba orí wáyà náà kọjá bí ẹni gba ẹ̀yìnkùlé wọ ààfin. Mítà kò parọ́, ṣùgbọ́n wáyà kékeré yìí ti sọ ẹ̀ṣọ́ di odi.

Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó pa bírékà rẹ̀, ó sì ti ẹnu gáàsì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

"Bàbá, kí ló dé?"

Fún ọdún tí ó lé ní ogún ni ọkùnrin náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri inú ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀, ó sọ ọ́.

Ó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, gbogbo àdúgbò sì ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ilé alágbèékà kan wà tí àwọn ayálégbé kún inú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí gbogbo wọn bá ti ki áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù oníná bọ ihò iná, fíúsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà NEPA yóò já, ilé yóò sì ṣókùnkùn. Ọ̀gá rẹ̀ ti lọ síbi òkú ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ tí onílé wá, nítorí náà òun ni ó dá lọ. Ó fi fíúsì tuntun sí i, ó já. Ó tún fi òmíràn sí i, ó tún já. Onílé wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ náà ni ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ròyìn?" Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó bó wáyà kan, ó lọ́ àwọn fọ́nrán bàbà inú rẹ̀ pọ̀, ó sì fi wọ́n sípò fíúsì. Iná dé, kò sì lọ mọ́. Àwọn ayálégbé pàtẹ́wọ́. Onílé fún un lówó. Ìyá aránṣọ kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní iwájú ilé náà bu mọ́ín-mọ́ín fún un, ó sì ṣàdúrà pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní jóná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, iná sọ ní òru ọjọ́ kan. Wáyà inú àjà ilé ti gbó, kò lè gbé ẹrù tí wọ́n ń dì rù ú. Fíúsì tí ì bá já kí wáyà tó gbóná kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n iwájú ilé náà jó tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ìyá náà jóná, pẹ̀lú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ lò ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ náà dé ibẹ̀ ní àárọ̀, ìyá aránṣọ jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó di àlùmọ́gàjí kan tí èéfín ti sọ di dúdú mú. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé iná kò dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Èpè ì bá rọrùn láti gbọ́. Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò nà án. Ó ní, "Fíúsì tó ń já yẹn kò ṣẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Fíúsì máa ń kú kí ilé má bàa kú. Ìwọ pa á lẹ́nu mọ́, ilé wá kú dípò rẹ̀." Ọ̀gá náà ta ọ̀kadà rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì fún ìyá náà. Ọmọ iṣẹ́ ṣiṣẹ́ títí ó fi san owó náà padà. Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá aránṣọ pé òun ni. Ó ń sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni, títí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí ó kọ́kọ́ padà sí Ìbàdàn, wọ́n ní ìyá náà ti kú.

Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tí yóò wí. Ó wo wáyà kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó wo fèrèsé tí Màmá ti ń wò wọ́n. Ó béèrè pé, "Bí ẹ bá ti ṣe bí ẹni yẹn ṣe fẹ́, tí ẹ so súwíìṣì ooru náà pọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ì bá jó, kò ní kú mọ́. Màmá á dúpẹ́. Èmi náà á gbowó. Ẹ̀ṣọ́ tó kẹ́yìn á sì ti lọ."

Ó dìde. Ó tú wáyà náà kúrò, ó sì fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ìdí asẹ́. Ohun tí ń fi agbára omi hàn wà lórí rẹ̀. Lára asẹ́ náà ni ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ti kọ ọ́ sí pé 15 ni ó yẹ kí ó kà nígbà tí asẹ́ bá mọ́. Bí ó bá ti fi 8 tàbí 10 lé ní iye yẹn, ó ti tó àkókò àtifọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ náà, 33 ni ó ń kà. Wọ́n ṣí i. Ẹrọ̀fọ̀, ewé jíjẹrà àti ọ̀rá ti di gbogbo ojú rẹ̀ pa. Omi ń ti asẹ́ láti iwájú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń rí ọ̀nà gbà dé inú ẹ̀rọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni súwíìṣì omi ti rí i, tí ó sì ti ń kígbe. Ẹni tí ó wá ṣáájú kò béèrè ohun tí ó ń kígbe fún. Ó dí i lẹ́nu. Nígbà tí ìdọ̀tí sì pọ̀ sí i, súwíìṣì ooru gba igbe náà.

Àléébù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti iná, nínú omi ni ó wà. Bàbá àti ọmọ fi omi fọ asẹ́ náà fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n tan pọ́ǹpù, agbára omi sì padà sí 15. Ọkùnrin náà tún fi mítà rin ọ̀nà fóòtì 24. Lọ́tẹ̀ yìí, súwíìṣì omi fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ pa pọ́ǹpù kí ó dán an wò. Bí omi ti dáwọ́ dúró, súwíìṣì náà já, iná gáàsì sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n tan pọ́ǹpù padà, ẹ̀rọ jó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, mẹ́wàá kọjá, ọgbọ̀n kọjá. Kò sí ìró gbì gbì mọ́.

Màmá ti jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, ó sì fi wáyà náà hàn án. Kò bú ẹni tí ó wá ṣáájú. Ó kàn ní, "Ìkánjú ló mú un, Mà. Ó ti mú èmi náà rí."

Màmá ní, "Ọmọ mi, iná àti omi lójú kan náà, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà yín, Mà. Ó ba àwọn tó ṣòfin náà." Ó sọ fún un pé ìwé òfin iná mànàmáná Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1897, ya abala 680 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ó fi wáyà bàbà tí ó so gbogbo irin àyíká adágún pọ̀ hàn án, kí iná má bàa rí àyè láti gba ara ènìyàn kọjá láti orí irin kan sí òmíràn. Ó tún tẹ bọ́tìnnì ìdánwò bírékà kan tí ń ṣọ́ ènìyàn, ó sì já. Charles Dalziel, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, ni ó ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1961, lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí bí iná ṣe ń pa ènìyàn. Nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ámpù kan péré ni kí ó ṣìnà, bírékà náà yóò ti já kí ọkàn ènìyàn tó dàrú. Ọkùnrin náà ní, "Bí èyí bá já lọ́jọ́ kan, Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ ọ́. Ẹ pè mí."

Omi náà kò lè gbóná lójú ẹsẹ̀. Adágún náà gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 15,000, omi rẹ̀ sì ti tutù dé 64 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Kí ó tó dé 84 tí dókítà fẹ́, yóò gba ẹ̀rọ bí wákàtí mẹ́jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì náà pè láti sọ pé Màmá ti wọ inú omi, ó ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹ́rin, orin ni ó sì ń kọ.

Ọmọkùnrin náà kò ju wáyà kékeré náà nù. Ó fi í sínú àpótí ìkọ̀wé rẹ̀, níbi tí yóò ti máa rí i bí ó bá fẹ́ mú gègé.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná. Ibà tí ń mú ọmọdé, fíúsì ni, ó ń sọ pé àrùn kan wà nínú ara. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó nawọ́ sókè ní kíláàsì tí ó ní ẹ̀kọ́ kò yé òun, fíúsì ni òun náà. Olùkọ́ lè fi pàṣán pa á lẹ́nu mọ́, kíláàsì yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n fi bàbà dípò fíúsì rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà yóò dùn títí ọyẹ́ yóò fi dé. Olùkọ́ mìíràn yóò sì béèrè pé, "Ibo ni kò ti yé ọ?" Yóò rin ẹ̀kọ́ náà padà sẹ́yìn ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹni tí ó mú mítà lọ́wọ́, títí yóò fi dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti sọnù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.